Bí ẹ ṣe lè tún gíláàsì ọkọ̀ yín ṣe lásìkò ọyẹ́ kí ẹ tó gbéra

Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, nígbà mìíràn títí kan oṣù kẹta, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sùn síta n'Ílọrin ti mọ ohun tó máa bá láàárọ̀. Eruku á ti bo gíláàsì iwájú bí ẹ̀lùbọ́ tó dà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni, tàbí tó fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ìrì á tún sẹ̀ lé eruku yẹn lórí, gbogbo rẹ̀ á wá di ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe sí i kò ju ọ̀kan nínú méjì lọ: ká tan wáípà lé e lórí ní gbígbẹ, tàbí ká fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ihò kékeré kan síwájú ibi tá a jókòó sí, ká sì kọrí sọ́nà.

Ihò yẹn léwu. Ẹni tó ń fi ojú ihò wakọ̀ ń rí mọ́tò tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, àmọ́ kò rí ọlọ́kadà tó ń ti ẹ̀gbẹ́ yọ ní Gàá Àkàńbí, kò sì rí ọmọléèwé tó fẹ́ sáré kọjá títì ní Tánkẹ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láàárọ̀, owó tó sì máa ná yín lójoojúmọ́ kò ju ti píọ́wọ́tà kan lọ.

Láti alẹ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Àríwá àti àríwá ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí ààyè bá wà nínú ọgbà, ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ kọ sí àríwá, kí imú rẹ̀ kọjú sí gúúsù. Ẹ má gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Àsìkò ọyẹ́ gan-an ni máńgòrò ń tanná. Òdòdó rẹ̀ á máa já bọ́ sórí gíláàsì, oje tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan á sì máa kán sí i. Eruku tó bá bà lé oje yẹn, omi lásán kò lè ṣí i kúrò.

Tí ẹ bá ní páálí tó fẹ̀ tàbí àlòkù aṣọ ìbora, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kí ẹ fi wáípà di etí rẹ̀ mú. Láàárọ̀, ẹ ká a sókè ni. Ẹ má wọ́ ọ, torí eruku tó wà lórí rẹ̀ á gbà lára gíláàsì kọjá.

Kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ibi tí ẹ ń tẹ̀ tan wáípà, kí ó wà ní pípa. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sí títàn, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń yí láàárọ̀ ni wáípà á ti fò dìde, á fa eruku gbígbẹ lọ, á fà á bọ̀, kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Òwúrọ̀: omi ló ń ṣáájú wáípà

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé wa nìkan. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad sì wà lára ibi tí eruku ti ń gbéra jù lọ ní gbogbo ayé. Yanrìn tó kúnná gan-an wà nínú rẹ̀, irú èyí tó le ju gíláàsì lọ. Bí rọ́bà wáípà bá ń wọ́ yanrìn yẹn kiri ní gbígbẹ, ó ń ha gíláàsì ni. Ẹ lè má rí ojú ibi tó ha lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ẹ máa rí i ni ọjọ́ tí tírélà bá tan iná mọ́ yín lójú lóru ní ọ̀nà Jẹ́bà, tí gbogbo iwájú yín á kàn funfun báláú. Ìlà tó bá sì ti wọ inú gíláàsì dáadáa, kò sí ọṣẹ tó ń pa á rẹ́, àfi kí ẹ pààrọ̀ gíláàsì.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kí ẹ gbé apá wáípà méjèèjì dìde kúrò lára gíláàsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú píọ́wọ́tà kan. Ẹ fi eyín já igun rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá máa fún un sí òkè gíláàsì láti igun kan dé èkejì, kí omi máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má tíì fi ọwọ́ kàn án. Omi àkọ́kọ́ yìí ló ń kó yanrìn lọ; ẹ ó rí i bó ṣe ń ṣàn lọ ní àwọ̀ rúsúrúsú sínú gọ́tà kékeré tó wà láàárín gíláàsì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí èyí tó ń ṣàn bá ti ń mọ́ lẹ ó tó fi àkísà kàn án.

Àkísà méjì ló yẹ kí ẹ ní, ọ̀kan tútù, ọ̀kan gbígbẹ. Èyí tí ẹ fi ń nu táyà tàbí ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ dé ibi gíláàsì rárá, nítorí òróró. Láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa nu ún, kí ẹ sì máa yí ojú àkísà padà. Àwọn kan máa ń nu ún ní róbótó-róbótó. Ìyẹn kàn ń pín ìdọ̀tí kiri ni. Ẹ wá fi àkísà tútù fa rọ́bà wáípà láti ìdí dé orí. Ó ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń fọ mọ́tò lójoojúmọ́ gan-an kì í rántí rọ́bà yìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni yanrìn ń sá pamọ́ sí. Tí ìka yín bá bọ́ síta ní dúdú kirikiri, tàbí tí ẹ rí i pé etí rọ́bà ti sán, oòrùn àti ọyẹ́ ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ má dúró de òjò.

Ẹ nu bọ́nẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú. Gíláàsì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ṣì tutù, eruku tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì á gbéra gbàrà tí ọkọ̀ bá sáré, orí gíláàsì tútù yẹn ló sì máa lọ lẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ omi búùtà ńkọ́? Ní Ìlọrin wa yìí, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé omi tó ṣẹ́kù lẹ́yìn àlùwàlá Àsùbáà ni wọ́n ń dà sí gíláàsì. Kò burú, omi ni omi ń jẹ́. Àmọ́ lásìkò òtútù, a máa ń gbé omi àlùwàlá kaná, kí ẹ sì má da omi gbígbóná sórí gíláàsì tó ti tutù mọ́jú. Tí òkúta bá ti ta bá gíláàsì yín rí, tó fi ojú kékeré kan sílẹ̀, ooru òjijì lè mú kí ojú náà sán lọ gbọọrọ. Ẹ jẹ́ kó tutù ná, tàbí kí ẹ bu omi tútù là á.

Ẹ má fi kẹrosíìnì, pẹtiróòlù tàbí óìlì nu gíláàsì, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín. Òróró wọn kì í tán, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ọṣẹ ìfọṣọ tó bá pọ̀ jù náà máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Omi wáípà

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn nígboro ni ike omi wáípà wọn ti gbẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà wọ́n. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá ìdérí tí wọ́n ya àwòrán gíláàsì àti omi tó ń tú sí. Ẹ má ṣì í mú fún ti rádíétọ̀. Ìyẹn tó bá gbóná, tí ẹ ṣí i, omi inú rẹ̀ á bó yín lójú. Omi tó mọ́ ni kí ẹ rọ sínú ti wáípà, ẹ lè kán ọṣẹ olómi ìfọwo díẹ̀ sí i. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò tú jáde, ṣùgbọ́n tí ẹ ń gbọ́ ìró mọ́tò kékeré rẹ̀, eruku ló di ihò tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ṣí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí kò bá dún rárá, iṣẹ́ rewáyà nìyẹn.

Ẹni tí tirẹ̀ ti bàjẹ́ tí kò sì tíì sí owó àtúnṣe, ẹ wá ìgò ike kan, ẹ lu ihò mẹ́ta mẹ́rin sí ìdérí rẹ̀, ẹ pọn omi kún un, kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Ẹ má gbìyànjú àtinú fèrèsé fún un nígbà tí ọkọ̀ ń lọ o. Ìgbà tí ẹ bá dúró ni.

Inú gíláàsì náà ńkọ́?

Àwọn tó ń fi òróró dídán pa dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Nígbà tí oòrùn bá mú ọkọ̀ nínú ọgbà, òróró yẹn ń gbéra, inú gíláàsì ló sì ń lọ bà sí, á wá di kiní kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò hàn lọ́sàn-án. Sípírítì díẹ̀ lórí àkísà tó mọ́, lẹ́yìn náà ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ẹ rún: ìyẹn ń ká a kúrò dáadáa.

Ti èémí yàtọ̀. Ẹ kó èèyàn márùn-ún sínú ọkọ̀ lówùúrọ̀ òtútù, gbogbo fèrèsé wà ní títì, inú gíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ẹ fi ìka fà á wò. Tí ojú ìka yín bá mọ́, inú ló ti ń ṣú. Ẹ tan éésì, kí ẹ darí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí gíláàsì, kí ẹ sì jẹ́ kó máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta, torí éésì máa ń gbẹ omi inú afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ tí kò ní éésì, ẹ ṣí fèrèsé ọ̀tún àti òsì ní ìwọ̀n ìka méjì, kódà kí ara tutù díẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka fà á tí nǹkan kan kò yí padà, ìta ló ṣú sí, wáípà àti omi ló ni ín. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ lásìkò òjò nígbà tí éésì bá ti mú gíláàsì tutù jù. Ẹ dín éésì kù.

Nípa ohun tí ẹ gbé kọ́ sí dígí àárín. Tẹ̀súbáà, àmì ẹgbẹ́, bàtà ọmọdé, lọ́fínńdà: gbogbo wọn ń mì síwá sẹ́yìn ní iwájú ojú yín. Ẹ tú wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sítíkà. Mo fẹ́ràn «Hádhà min fadli Rabbí» (èyí wá láti inú oore Olúwa mi) bí gbogbo ọmọ Ìlọrin ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì ẹ̀yìn, nísàlẹ̀, gba ọpẹ́ náà dáadáa. Àárín gíláàsì iwájú kọ́ ni àyè rẹ̀.

Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gíláàsì ẹ̀yìn àti nọ́ńbà ọkọ̀: àkísà kan náà, ìṣẹ́jú kan.

Ẹ yí imú ọkọ̀ sí oòrùn

Kí ẹ tó jáde, tí oòrùn bá ti yọ, ẹ gbé ọkọ̀ kọjú sí i díẹ̀, kí ẹ wo gíláàsì láti ibi ìjókòó yín. Gíláàsì tó dà bíi pé ó mọ́ lábẹ́ òjìji lè funfun tó bá kan oòrùn. Ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ sí gúúsù Kwara mọ ìdí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ìhà gúúsù ìlà oòrùn ni oòrùn ń ti yọ, ọ̀nà yẹn gan-an ni títì sì kọrí sí láti Gánmọ́ lọ sí Ìdòfìán àti Àjàṣẹ́ Ìpo, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti Àjàṣẹ́ kọjá Òrò dé Òmù-Àrán. Tí ẹ bá wà níbẹ̀ láàárín aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀, oòrùn á jókòó sórí títì níwájú yín. Pẹ̀lú ọyẹ́ tó ń tàn án kiri àti gíláàsì tí kò mọ́, ẹ ò ní rí ọkọ̀ tó dúró síwájú títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún. Tí ìrìn àjò náà kò bá kánjú, ẹ jẹ́ kí ó di aago mẹ́sàn-án.

Lójú ọ̀nà, ẹ ṣọ́ra fún ìgbà tí ẹ máa tẹ omi wáípà. Nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kan eruku, ẹrẹ̀ ló ń dà, ẹ ò ní rí nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Tí ẹ bá ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí, ọkọ̀ yín ń rin nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Mítà 44 nìyẹn tí ẹ rìn ní dídi ojú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dín eré kù, ẹ wo iwájú pé kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, pé kò sí kọ́nà, pé ẹ ò tíì dé ibi tí màlúù ti ń sọdá, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí omi náà sì pọ̀. Omi díẹ̀ burú ju àìtẹ̀ rẹ̀ lọ.

Bí ọyẹ́ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò rí iwájú dáadáa, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí tó ń mọ́lẹ̀ jù máa ń bá eruku pàdé, á sì padà wá sójú yín. Ẹ má tan tiráfíkétọ̀ méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń rìn, torí ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní mọ ìgbà tí ẹ fẹ́ yà. Ẹ wa ọkọ̀ ní ìwọ̀n eré tí ẹ fi lè dúró láàárín ibi tí ojú yín ká. Ewé tútù tí ẹ bá rí lórí títì kì í ṣe ìdọ̀tí: tírélà ló bàjẹ́ síwájú. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ló dáná sun ìgbẹ́ tí èéfín dí ojú ọ̀nà pa, ẹ má wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ó máa tó tán.

Tí ojú bá ṣú pátápátá, ẹ bọ́ kúrò lórí ọ̀dà pátápátá. Dídúró sí etí títì, kí ìdajì ọkọ̀ wà lókè, ló ń fa kí wọ́n gbá èèyàn lẹ́yìn. Ìgbà tí ẹ bá ti dúró tán ni tiráfíkétọ̀ méjèèjì wúlò, pẹ̀lú àmì onígun mẹ́ta lẹ́yìn ọkọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ máa pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122.

Òjò àkọ́rọ̀

Ọjọ́ tó burú jù fún gíláàsì nínú gbogbo ọdún, lójú tèmi, kì í ṣe ọjọ́ ọyẹ́. Ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀ ni. Rọ́bà wáípà ti wà lójú oòrùn fún oṣù mẹ́rin láìṣiṣẹ́, ó ti le gan-gan. Eruku wà lórí ọkọ̀, ó wà lójú ọ̀run, òjò á wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ tan wáípà, ó ń fa ẹrẹ̀, ó ń ké kíkankíkan, ẹ ò sì rí nǹkan kan. Títì náà ń yọ̀, torí óìlì àti eruku tó ti kó jọ sí i. Bí ẹ bá ti rí i tí ojú ọ̀run ṣú ní ìparí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, ẹ dán wáípà wò pẹ̀lú omi lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó bá ń fo ibì kan. Tí òjò náà bá ká yín mọ́ ọ̀nà, ẹ yà sí ibi tó dára, kí ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílùú òjò dídì

Kò sí ilé tí kò ní ọmọ ní London tàbí Canada mọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi tiwọn kún un. Àṣà ojú ihò yẹn wà lọ́hùn-ún náà, òfin wọn sì kọ̀ ọ́. Ìlànà 229 nínú ìwé Highway Code ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí awakọ̀ kó òjò dídì àti yìnyín kúrò lára gbogbo fèrèsé ọkọ̀, kí iná àti nọ́ńbà hàn, kó sì kó èyí tó lè já bọ́ sójú ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn. Ti orí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ o: ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á yọ̀ wá bo gíláàsì iwájú.

Omi gbígbóná tí mo ní kí ẹ ṣọ́ra fún níhìn-ín, èèwọ̀ ni lọ́hùn-ún; ó lè fọ́ gíláàsì, ó sì tún ń dì padà. Ohun pẹlẹbẹ oníke tí wọ́n fi ń ha yìnyín ni kí ẹ rà. Wáípà tó bá ti dì mọ́ gíláàsì, ẹ má tàn án. Rọ́bà á ya, mọ́tò rẹ̀ sì lè jó. Omi lásán nínú ike omi wáípà á di yìnyín, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún òtútù. Ẹni tí oògùn tí wọ́n ń fín sí gíláàsì láti yọ́ yìnyín kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè po ọtí isopropyl (irú sípírítì kan) apá méjì mọ́ omi apá kan.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ darí afẹ́fẹ́ gbígbóná sí gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ẹ padà wọlé lọ mu tíì. Olè ń ṣọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ ìbánigbófò sì lè kọ̀ láti sanwó. Kí ẹ tó tàn án rárá, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Tí òjò dídì bá ti bo ẹnu sàlẹ́ńsà, ẹ kọ́kọ́ wà á kúrò, torí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ (carbon monoxide) lè padà sínú ọkọ̀. Kò ní òórùn tí ẹ máa fi mọ̀ pé ó ń wọlé, ó sì ń pa èèyàn.